Ọkọ̀ Onígi Létí Omi Ìjẹ̀bú: Kí Gan-an Là Ń Tọ́jú?

Tẹ́ ẹ bá dárúkọ Ìjẹ̀bú fún ọ̀pọ̀ èèyàn, gààrí àti Ojúde Ọba ló máa kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn, lẹ́yìn náà ni òde àríyá. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa rántí omi. Síbẹ̀, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú dé òkun. Ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Àbígí, nìkan ni ibi tí ìpínlẹ̀ Ògùn ti fẹsẹ̀ kan òkun Àtìláńtíìkì. Àwọn ará Ìwòpin, Mákùn-Omi àti Òde-Omi sì ti ń jẹun lórí omi kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtidá ìpínlẹ̀ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gba ojú ọ̀sà lọ sápá ìwọ̀-oòrùn, ẹ ó bá Ẹ̀pẹ́ àti Èjìrìn. Abẹ́ ìpínlẹ̀ Èkó ni wọ́n wà lónìí o, àmọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú kò ní gbà fún ẹni tó bá ní kì í ṣe tiwọn. Rẹ́mọ náà ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀: Ìkòròdú, tí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó ti Ṣágámù wá, ni wọ́n ń gbà bọ́ sí ọ̀sà.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọ̀rọ̀ àjogúnbá orí omi ti ń pọ̀ lẹ́nu àwọn olóṣèlú, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti àwọn tó ń ya fídíò. Gbogbo wọn ní ká má jẹ́ kí iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn pa run. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé kí ni ká ṣe gan-an, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń di rúdurùdu. Ẹnì kan á ní ká gbé ọkọ̀ àtijọ́ lọ sí mùsíọ́ọ̀mù. Ẹlòmíì á ní ká máa fi ọkọ̀ díje lọ́dọọdún. Ẹnì kẹta á fa ojú ro: ṣé ọkọ̀ onígi tó ń pa èèyàn lójoojúmọ́ yìí náà lẹ fẹ́ máa tọ́jú? Ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lọ, wọ́n kàn jọ wọ ọkọ̀ kan náà ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò ti sí àríyànjiyàn. Ọkọ̀ onígi kì í pẹ́ láyé. Bó ti wù kí igi rẹ̀ le tó, omi, oòrùn àti kòkòrò á jẹ ẹ́ tán. Ọkọ̀ tí bàbá bàbá yín fi pẹja ti jẹrà tipẹ́, èyí tó wà lódò lónìí, ẹlòmíì ló kàn án. Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n kàn ló ń ti ìran kan bọ́ sí èkejì. Ọwọ́ náà kò sì lè máa wà lófìfo. Ó ń fẹ́ igi tó máa lò, ó ń fẹ́ oníbàárà tó máa sanwó, ó tún ń fẹ́ ọmọṣẹ́ tó máa dúró tì í. Níbi tí ọ̀kan nínú wọn bá ti já, mùsíọ́ọ̀mù kò lè so ó.

Bí wọ́n ṣe ń kàn án

Oríṣi ọkọ̀ méjì ni àwọn èèyàn ń pò pọ̀ tí wọ́n bá ní "ọkọ̀ ìbílẹ̀". Àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ gbígbẹ́: igi kan ṣoṣo tí wọ́n gé lulẹ̀, tí wọ́n sì fi àáké àti irin ẹlẹ́nu bí ọkọ́ kó inú rẹ̀ jáde. Igi ọmọ̀, tí a tún fi ń gbẹ́ ìlù, dára fún un torí pé ó fúyẹ́, kì í sì í bá irin jà. Wọ́n ń lo ìrókò náà, wọ́n ń lo arère. Inú igbó tí igi bá wó sí ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó máa wọ́ odidi ìtì igi dé odò nígbà tó lè kọ́kọ́ gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù dànù síbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi létí omi Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n máa ń fi iná yá ara ọkọ̀ náà tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ tán. Igi á rọ̀, wọ́n á wá fi ọ̀pá dábùú inú rẹ̀ láti fi ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sóde, kí ọkọ̀ lè fẹ̀ ju igi tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ibẹ̀ lojú ọ̀gá ti ń hàn. Tí iná bá pọ̀ jù, igi á sán. Tí kò bá tó, ọkọ̀ á há, ẹni tó bá sì wọ inú rẹ̀ kò ní lè yíra padà láìjẹ́ pé ó dojú dé.

Èkejì ni ọkọ̀ onípákó. Òun ló pọ̀ jù lójú omi báyìí, yálà ti apẹja, ti akérò tàbí ti àwọn tó ń kó yanrìn. Àwọn kan gbà pé ọkọ̀ gbígbẹ́ nìkan ni ojúlówó, pé ọkọ̀ onípákó ti di nǹkan òyìnbó torí ìṣó àti pákó sọ́mìlì tó wà lára rẹ̀. Èmi ò bá wọn gbà. Nígbà tí igi ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n, àwọn káfíńtà etí omi ò káwọ́ gbera. Wọ́n wá bí wọ́n ṣe máa fi igi tó kéré kan ọkọ̀ tó tóbi. Ọgbọ́n yẹn náà ti di ogún.

Káfíńtà ọkọ̀ kì í sábà ya àwòrán sórí ìwé. Apá, okùn àti ojú rẹ̀ ló fi ń wọn nǹkan. Pákó ìsàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ tẹ́, á gbé imú ọkọ̀ àti ìdí rẹ̀ dìde, á wá to àwọn igi ìhà tó máa di ẹ̀gbẹ́ mú, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ pákó ẹ̀gbẹ́ mọ́ wọn lára. Bí imú ọkọ̀ bá ṣe yọ sókè tó ló máa sọ irú omi tó wà fún. Ọkọ̀ tó máa kojú ìgbì òkun ní Òde-Omi kò lè ní imú kan náà pẹ̀lú èyí tó fẹ́ máa wọ inú ẹsẹ̀ odò tóóró tí ewé ti bò. Tẹ́ ẹ bá bi káfíńtà pé báwo ló ṣe mọ ibi tó yẹ kó dé, á ní òun kàn wò ó ni. Òótọ́ ló sọ. Ohun tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wò kó tó rí i ni kò sọ fún yín. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ibi kékeré kan, ojú ibi tí pákó méjì ti pàdé. Bó ti wù kí wọ́n fá pákó tó, àlàfo tín-ín-rín á ṣì wà níbẹ̀, ibẹ̀ lomi máa gbà wọlé. Káfíńtà á fọwọ́ lọ́ òwú di okùn rírọ̀, á tò ó sẹ́nu àlàfo náà, á wá fi irin pẹlẹbẹ tí kò mú àti òòlù máa tì í wọlé díẹ̀díẹ̀. Etí ló fi ń ṣiṣẹ́ níbí yìí ju ojú lọ. Ìró òòlù á máa dún "bọ̀, bọ̀" níwọ̀n ìgbà tí òwú ò bá tíì kún. Tó bá ti kún dáadáa, ìró náà á le, á dún "ko, ko", ọwọ́ rẹ̀ á sì sún síwájú. Òwú tó bá dẹ̀ á jẹ́ kómi wọlé. Tó bá sì fún un pọ̀ jù, nígbà tí igi bá wú nínú omi, á ti pákó kúrò lójú ìṣó. Lẹ́yìn òwú ni ọ̀dà dúdú gbígbóná, lẹ́yìn ọ̀dà ni ọ̀já páànù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa fi ìṣó wẹ́wẹ́ kàn bo ojú àlàfo náà láti imú dé ìdí. Àwọn ìlà páànù tẹ́ ẹ máa ń rí lára ọkọ̀ létí omi, ẹ̀ṣọ́ kọ́ o.

Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu jù ni pé ọkọ̀ tuntun máa ń jò. Igi gbígbẹ ń mu omi, bó bá sì ti ń mu ún ló ń wú, tí àlàfo ń pa dé fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí apẹja kì í fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sínú oòrùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Á fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, tàbí kó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó rì sétí odò níbi tí omi ò ti jìn. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ọkọ̀ náà ti bàjẹ́, wọ́n ti pa á tì. Olówó rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀ ni.

Kòkòrò kan tún wà tó ń jẹ ọkọ̀, ó rí gbọọrọ bí ekòló, àmọ́ ẹbí ìgbín àti ìsáwùrú ni. Ìkarahun kékeré méjì wà ní orí rẹ̀ tó fi ń lu igi. Ojú ihò tó bá wọlé máa ń kéré débi pé ẹ lè má rí i, nígbà tí inú pákó ti di ihò káàkiri. Omi oníyọ̀ ni kòkòrò yìí nífẹ̀ẹ́. Ọ̀sà Lẹ́kí tó wà lẹ́bàá Ìwòpin fẹ́rẹ̀ẹ́ má níyọ̀ rárá, àmọ́ bẹ́ ẹ bá ṣe ń súnmọ́ Èkó, níbi tí òkun ti ń wọlé, ni iyọ̀ ń pọ̀ sí i, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí òjò ò bá sí láti là á. Igi ẹ̀kì àti òpepe kì í tètè gbọ́ ti kòkòrò náà, ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi ń fi wọ́n ṣe òpó èbúté. Wọ́n wúwo, wọ́n sì ń kán ìṣó. Káfíńtà tó bá mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ bi yín pé omi wo lẹ fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ kó tó dárúkọ igi. Èyí tí kò bá bi yín, ẹ rọra wá ẹlòmíì.

Ọ̀sà ni ọ̀nà márosẹ̀ nígbà náà

Ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1500 ni Duarte Pacheco Pereira, atukọ̀ ará Potogí, ti kọ̀wé nípa Ìjẹ̀bú. Ó ní ìlú ńlá ni, tí yàrà ńlá yí ká, ó sì sọ pé ẹrú àti eyín erin ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ẹrú wà nínú ẹrù tí ọkọ̀ wọ̀nyẹn kó, kò yẹ ká fọ ibi yẹn mọ́ nítorí à ń yin iṣẹ́ ọwọ́. Ọjà tó bá ti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ sétí òkun, orí ọ̀sà ló ń gbà, ọkọ̀ gbígbẹ́ ló sì ń gbé e.

Ogun náà gba orí omi. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá bọ́ǹbù lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ló fi ọkọ̀ sá lọ pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Ọkọ̀ ogun rẹ̀ kò jẹ́ kí Èkó sùn títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1854. Ọdún Káyọ̀káyọ̀ tí wọ́n ń ṣe ní Ẹ̀pẹ́, ìrántí bó ṣe gúnlẹ̀ síbẹ̀ ni. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, ojú ọ̀sà kan náà ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà dé Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n tó fẹsẹ̀ rìn wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí ogun Ìmàgbọn fi wáyé.

Èjìrìn ni ẹ óò ti rí i bí nǹkan ṣe yí padà. Ọjà etí omi ńlá ni Èjìrìn nígbà kan. Èrò òkè á kó epo, iṣu àti aṣọ wá, èrò Èkó á kó iyọ̀ àti ọjà òkè òkun wá, ọkọ̀ á sì kún èbúté. Nígbà tí rélùwéè láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, láì gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá, ọ̀pọ̀ ẹrù òkè yà sójú irin. Lẹ́yìn náà ni títì àti lọ́rì dé. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń lọ sí Èkó kò ní ohun kan tó máa wá lọ sórí omi mọ́. Kò sẹ́ni tó fòfin de ọkọ̀ o. Ẹrù ló tán nínú rẹ̀, nígbà tí ẹrù sì tán, iṣẹ́ agbẹ́kọ̀ dín kù, ó wá ku ti apẹja àti ti àwọn abúlé tí títì ò dé.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí pé àwọn èèyàn máa ń sọ pé "àwọn ọ̀dọ́ ti gbàgbé àṣà" bí ẹni pé oorun ló gbé wọn lọ. Ọ̀dọ́ kì í sá fún iṣẹ́ tó bá ń pawó. Ọmọṣẹ́ tẹlíọ̀ mọ̀ pé tóun bá gba fírídọ̀ọ̀mù, aṣọ ẹbí máa tó tòun létí. Kí ni ọmọṣẹ́ káfíńtà ọkọ̀ ń dúró dè? Ọkọ̀ mélòó ni ìlú rẹ̀ máa rà lọ́dún kan?

Igi náà ń kó tiẹ̀ bá a. Igbó Ọmọ̀, tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ láti 1925, tí àdúgbò tí wọ́n ń pè ní J4 wà nínú rẹ̀, wà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú gan-an, UNESCO sì ti fi orúkọ rẹ̀ sínú àwọn igbó àkànṣe rẹ̀ ní 1977. Látinú irú igbó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń so ìtì igi pọ̀ bí ẹní fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n ń tù ú lórí ọ̀sà lọ sí Òkobàbá, ibi tí wọ́n ti ń la pákó ní Èbúté Mẹ́ta. Ìrókò àti òpepe tí wọ́n ti gé, kì í ṣe ọdún méjì ni wọ́n fi ń dàgbà. Ní apá ibi tó pọ̀, igi mẹ̀láínà (Gmelina), tó tètè ń dàgbà, tí wọ́n gbìn ló wà níbi tí igi ńlá wà tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1984 ni ewéko tó ń léfòó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹsẹ̀ odò Àgbádárìgì wọlé, ó sì tàn dé gbogbo ọ̀sà. Níbi tó bá ti pọ̀, àjẹ̀ kò lè là á, ẹ́ńjìnnì á sì wé mọ́ ọn.

Ṣé ọkọ̀ onígi ló ń pa èèyàn?

Ìbéèrè tó tọ́ ni, kò yẹ kí ẹni tó fẹ́ràn àṣà bínú sí i. Èèyàn ń kú sómi ní orílẹ̀-èdè yìí, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ọkọ̀ onígi ni wọ́n wọ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn aláṣẹ pé ó yẹ kí ọkọ̀ onígi akérò kógbá wọlé. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí ọkọ̀ bá dojú dé. Èrò ti pọ̀ jù. Ilẹ̀ ti ṣú. Kùkùté wà lábẹ́ omi tí ẹnikẹ́ni ò rí. Kò sẹ́ni tó wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbé fáíbà, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n fi ike àti okùn gíláàsì ṣe, sínú ọ̀rọ̀ yìí dípò igi, òun náà á dojú dé.

Ohun tí ẹ máa wò lára ọkọ̀ èyíkéyìí ni ààyè tó wà láàárín ojú omi àti ẹnu ọkọ̀. Ààyè yẹn ló ń gba èèyàn là nígbà tí ìgbì bá dé tàbí tí ẹnì kan bá ṣàdédé dìde. Bí awakọ̀ bá ṣe ń kó èrò sí i ni ó ń jẹ ààyè yẹn, títí tí ọkọ̀ fi máa wà létí rírì láìtíì kúrò ní èbúté. Samuel Plimsoll, aṣòfin kan, jà lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí òfin fi jáde ní 1876 pé kí wọ́n fa ìlà sára ọkọ̀ òkun, kí gbogbo ayé lè rí i tí ẹrù bá ti pọ̀ jù. Ìlà kan náà ṣeé fà sára ọkọ̀ onípákó ní Ìwòpin. Ọ̀dà funfun àti búrọ́ọ̀ṣì ló gbà. Àjọ NIWA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1997 ló ń rí sí odò orílẹ̀-èdè yìí, LASWA sì wà fún omi Èkó láti 2008, iṣẹ́ wọn náà ni láti wo ọkọ̀ kó tó kó èrò.

Fáíbà ní ibi tó ti dára jù, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Kì í jẹrà, kòkòrò kì í jẹ ẹ́, ó sì ń gbé ẹ́ńjìnnì ńlá dáadáa. Ọkọ̀ akérò tó ń sáré lórí ọ̀sà, èmi ò rí ìdí tí kò fi ní jẹ́ fáíbà. Ibi tí mo dúró sí ni pé kò yẹ ká torí akérò gba ọkọ̀ lọ́wọ́ apẹja. Tí pákó apẹja bá fọ́, káfíńtà abúlé á yọ ọ́, á fi òmíràn sí i, apẹja á padà sódò. Tí fáíbà bá là, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń dí i kì í sí ní abúlé, á sì di pé kí wọ́n máa wá ọkọ̀ tó máa fa ọkọ̀ lọ sí Èkó.

Òfin wo ló kan ọ̀rọ̀ yìí?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìròyìn ti ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà, torí gbogbo nǹkan ni wọ́n ń pè ní "UNESCO ti gbà á". Àdéhùn UNESCO tó kan ọ̀rọ̀ wa ju ẹyọ kan lọ. Ti 1972 wà fún ibi tó ṣeé fẹsẹ̀ tẹ̀: lábẹ́ rẹ̀ ni Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti wọlé ní 2005. Ti 2003 wà fún ohun tó wà lórí, lẹ́nu àti lọ́wọ́ èèyàn: ibẹ̀ ni Ifá àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà láti 2008. Òmíràn tún wà ti 2001 fún ohun tó ti wà lábẹ́ omi fún ọgọ́rùn-ún ọdún ó kéré tán, bí ọkọ̀ tó rì. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí gbogbo wọn.

Iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn, ẹgbẹ́ Ifá ló ń lọ, kì í ṣe ẹgbẹ́ Igbó Ọ̀ṣun. Ẹ wo àwọn tó ti ṣe é ṣáájú wa. Ní 2021, Denmark, Norway, Sweden, Finland àti Iceland jọ fi orúkọ iṣẹ́ ọkọ̀ onípákó wọn sílẹ̀, irú èyí tí pákó kan ń gorí èkejì ní ẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n ṣe ń kàn án àti bí wọ́n ṣe ń lò ó ló wọ ìwé, kò sí ọkọ̀ kan pàtó níbẹ̀. Ní 2010, Ṣáínà fi ọgbọ́n tí wọ́n fi ń pín inú ọkọ̀ ńlá wọn sí yàrá yàrá tómi ò lè gbà kọjá sílẹ̀, àmọ́ inú ìwé àwọn ohun tó fẹ́ kú ló wà, torí àwọn ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n ti kù díẹ̀. Kí orúkọ wọ ìwé kò túmọ̀ sí pé owó máa wọlé. Ìlérí ni ìjọba àti ará ìlú jọ ń ṣe pé àwọn á máa kọ́ ọmọ.

Mùsíọ́ọ̀mù náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní 1987, darandaran kan tó ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ní ìpínlẹ̀ Yobe, ṣàdédé kan igi nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ọkọ̀ gbígbẹ́ ni, ó gùn ju mítà mẹ́jọ lọ, àwọn onímọ̀ sì fi ọjọ́ orí rẹ̀ sí nǹkan bí 8,000 ọdún. Kò sí ọkọ̀ tó dàgbà jù ú lọ tí wọ́n tíì rí ní Áfíríkà. Ó jẹ́ ká mọ̀ pé àwọn èèyàn ti ń gbẹ́ ọkọ̀ níhìn-ín kí ẹnikẹ́ni tó mọ irin lò. Àmọ́ kò lè kọ́ ọmọ Mákùn-Omi bí wọ́n ṣe ń ki òwú. Títọ́jú irú igi bẹ́ẹ̀ tún gbówó lórí: igi tó ti pẹ́ nínú omi tàbí ẹrẹ̀, bí wọ́n bá jẹ́ kó gbẹ wàrà, á sún kì, á fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ọkọ̀ ogun Vasa tó rì ní Sweden ní 1628, nígbà tí wọ́n fà á jáde ní 1961, ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi ń wọ́n kẹ́míkà sí i lára kó má baà wó. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí ọkọ̀ àtijọ́ nínú ẹrẹ̀ nígbà tí omi bá fà, ẹ má wọ́ ọ sínú oòrùn láti yà á ní fọ́tò. Ẹ fi ẹrẹ̀ bò ó padà, kẹ́ ẹ wá ránṣẹ́ sí àjọ tó ń rí sí mùsíọ́ọ̀mù.

Ohun tó ṣeé ṣe láàárín ara wa

Èyí tó yá jù ni pé kí wọ́n gbéṣẹ́ fún káfíńtà. Ìjọba ìbílẹ̀ tó ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọdá omi lọ sílé ìwé lè ní kí káfíńtà àdúgbò kan ọkọ̀ tó dáa, kí NIWA yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n fa ìlà sí i, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ pé ọmọṣẹ́ méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìpàdé àpérò tí wọ́n ń jẹ ìrẹsì níbẹ̀ kò ní kan ìṣó kan.

Ọdún ìbílẹ̀ náà lè ràn wá lọ́wọ́ ju bó ṣe ń ṣe lọ. Ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n máa ń fi ọkọ̀ ṣeré lórí ọ̀sà nígbà ọdún Òkòsì, ojú á rí, inú á dùn. Tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n yá, tí wọ́n kun, tí wọ́n sì so àsíá mọ́, ẹni tó kùn ún nìkan ló jèrè. Tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ní láti gbé ọkọ̀ tuntun tí wọ́n kàn lọ́dún yẹn wá, tí ẹ̀bùn kan sì wà fún káfíńtà tí ọkọ̀ rẹ̀ kò jò, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Ẹgbẹ́ ọjọ́ orí ní Ìjẹ̀bú kì í fẹ́ kí ẹgbẹ́ mìíràn ta wọ́n yọ. Ẹ̀mí yẹn ló ń ra aṣọ ẹgbẹ́ fún Ojúde Ọba, kò sì sí ìdí tí kò fi lè ra ọkọ̀.

Ní ti fídíò, ẹ máa yà á, àmọ́ ẹ ya ohun tó wúlò. Fídíò ọkọ̀ tó ń léfòó nígbà tí oòrùn ń wọ̀ ti pọ̀ ju ọkọ̀ lọ. Ẹ ya ọwọ́. Ẹ gbé ẹ̀rọ ohùn sún mọ́ òòlù. Ẹ na téèpù sí ọkọ̀ láti imú dé ìdí, ẹ wọn bó ṣe fẹ̀ ní iwájú, láàárín àti lẹ́yìn, bí pákó rẹ̀ ṣe nípọn tó, àti bí igi ìhà kan ṣe jìnnà sí èkejì. Ẹ kọ irú igi tó jẹ́ sílẹ̀, ẹ kọ omi tí wọ́n kàn án fún, kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ bàbá tó kàn án bóyá ó fẹ́ kí ẹ gbé orúkọ òun jáde.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí i fúnra yín, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ lọ, torí ìgbà yẹn ni omi ń fà, tí wọ́n ń wọ́ ọkọ̀ sórí ilẹ̀ láti tún un ṣe. Ẹ kí wọn "ẹ kú iṣẹ́" kẹ́ ẹ tó yọ fóònù. Wọ́n á dá yín lóhùn, wọ́n tiẹ̀ lè fi àga lọ̀ yín. Àfi tí bàbá bá ń ki òwú lọ́wọ́: ẹ dúró dìgbà tó bá gbé òòlù sílẹ̀, torí etí ló fi ń ṣiṣẹ́.